Ìlà Mẹ́ta Tí Ọ̀gá Yọ Kúrò

Inú mi ò tíì rọ̀ o. Ẹ má sọ fún mi pé ó ti pẹ́, ẹ má sì ní kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Bí mo bá pàdé Dókítà Ọláníyan lójú títì Òkè Gàdà lónìí, màá kí i, nítorí wọ́n kọ́ mi nílé, àmọ́ ẹnu lásán ni màá fi kí i. Bí ẹ bá sì gbọ́ tí mò ń pe ọkùnrin tó jù mí lọ ní “ó,” ẹ má bá mi wí. “Wọ́n” ti tán lẹ́nu mi fún un. Ó mú ọmọ ọlọ́mọ, ó fẹ́ fi í bo àṣìṣe ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èmi tí mò ń bínú yìí náà, ẹ ní sùúrù, ẹ ó gbọ́ tèmi.

Ilé iṣẹ́ kékeré ni tiwa, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ẹdẹ. Ẹ̀rọ ìpamọ́ la ń ṣe fún àwọn ilé ìwòsàn: kọ̀ǹpútà kan tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn, kí àwọn nọ́ọ̀sì má baà máa tú páálí káàdì láti àárọ̀ títí ọ̀sán. Alhaji Ìyàndá ló dá a sílẹ̀. Wọn ò mọ kóòdù, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ènìyàn. Dókítà Ọláníyan ni ọ̀gá gbogbo àwa tí a ń kọ kóòdù, àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o. Ìwé ló kà dé òpin, kò sì sí ọjọ́ kan tí kò ní rán ẹ létí. Èmi Jùmọ̀kẹ́ ni mo tẹ̀ lé e. Fàdìlàt ló kéré jù, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọmọ bíbí Ẹdẹ, bàbá rẹ̀ ń dáko lọ́nà Sẹ́kọ́nà. Àràárọ̀ ni ọmọ náà máa ń kúnlẹ̀ kí mi, orúnkún méjèèjì, á kanlẹ̀ dáadáa, kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń dọ́gbọ́n tẹ̀ ba yẹn.

Gbogbo Ọjọ́rú ni Fàdìlàt máa ń gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn kan ní ìlú Ara, láti lọ yẹ ẹ̀rọ wa tó wà níbẹ̀ wò. Ọjọ́rú ni àwọn aboyún máa ń pé jọ síbẹ̀, ọjọ́ náà ni iṣẹ́ máa ń wọ ẹ̀rọ lọ́rùn jù. Lọ́jọ́ kan, Nọ́ọ̀sì Kúlúsúmù ṣí àkọsílẹ̀ aboyún kan, ó rí i pé lábẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin náà, ọ̀rọ̀ obìnrin mìíràn ló tún tẹ̀ lé e, pẹ̀lú irú ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé Nọ́ọ̀sì Kúlúsúmù kì í gba kọ̀ǹpútà gbọ́ ju ojú ara rẹ̀ lọ. Ó bi obìnrin náà léèrè, ìyẹn fa káàdì rẹ̀ àtijọ́ yọ nínú báàgì, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ kò bára mu. Wọ́n wo àwọn tó kù, wọ́n rí mẹ́sàn-án tó dàrú bẹ́ẹ̀, Ọjọ́rú ni wọ́n sì kọ gbogbo wọn. Ta ló ń wá ní gbogbo Ọjọ́rú? Fàdìlàt. Ilé ìwòsàn bá kọ lẹ́tà sí wa pé òṣìṣẹ́ yín ń tú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn wa, ó sì ń dà á rú.

Dókítà ka lẹ́tà náà tán, kò wo ẹ̀rọ, kò wo kóòdù, Fàdìlàt ló kọjú sí tààrà.

“Kí lo lọ fọwọ́ kàn níbẹ̀? Ta ló rán ẹ?”

“Sà, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo kàn ń wò ó bóyá díìsìkì ti fẹ́ kún ni.”

“Ìwọ nìkan lò ń débẹ̀! Ṣé àǹjọ̀nú ló kọ ọ́? Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé o!”

Ẹ gbọ́ ìyẹn. Kò tíì béèrè ìka tó ṣẹ̀, ó ti mú ọ̀bẹ.

Ìgbà yẹn ni mo ṣe ohun tí mò ń bú ara mi lé lórí dòní. Mo fa Fàdìlàt sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ní, “Lọ kúnlẹ̀ fún wọn. Sọ pé ẹ má bínú, sà, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ó parí.”

Ó ní, “Àǹtí, kí ni mo ṣe?”

Mo ní, “Ta ló sọ pé o ṣe nǹkan? Àgbà ń bínú, ìwọ ń bi mí ní ìbéèrè. Bẹ̀ wọ́n ná. Tí ara wọn bá balẹ̀, a ó wá sọ̀rọ̀.”

Ṣé bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa kọ́ nìyẹn? Ẹni tó kéré á kọ́kọ́ bẹ̀ ná. Tó bá jàre, lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bí òun á ṣe sọ ọ́. Ìyá tó bí mi bẹ ìyá ọkọ wọn fún ọdún mọ́kànlá lórí ọ̀rọ̀ tí wọn ò mọ ìdí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pe ẹ̀bẹ̀ ní ìjẹ́wọ́. Ó kéré tán, mi ò tíì rí i rí.

Fàdìlàt kúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.” Bọ́ládé, akọ̀wé ilé iṣẹ́ wa, wà níbẹ̀ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Dókítà yíjú sí i, ó ní, “Kọ ọ́ sílẹ̀.” Bọ́ládé sì kọ ọ́: *Fàdìlàt jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì.* Ó kọ déètì sí i. Ó fa ìlà sí ìdí rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n fún ọmọ náà ní lẹ́tà. Kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan, kó wá fara hàn níwájú Alhaji ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Bí Alhaji bá fọwọ́ sí i, wọ́n á lé e, wọ́n á sì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn pé òun ni ẹni tó dà á rú. Ta ni yóò gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ síṣẹ́ mọ́? Nílùú tí gbogbo wa mọ ilé bàbá ara wa?

Ó pè mí lórí fóònù nírọ̀lẹ́. Kò sunkún. Ó ní, “Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ní kí n kúnlẹ̀.” Ó sì pa fóònù.

Mo bá jókòó ti kóòdù. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, kò le. Bí ètò kan nínú kọ̀ǹpútà bá fẹ́ kọ nǹkan sórí díìsìkì, àpótí ìpamọ́ inú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń lọ kọ ọ́. Fọ́ọ̀mù ló máa gbà. Nínú ẹ̀rọ tiwa, fọ́ọ̀mù mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló wà, kò lé, kò dín. Ètò á kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù: ohun tó fẹ́ kí wọ́n tọ́jú, ibi tí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ sí, bó ṣe gùn tó. Fọ́ọ̀mù á tò sórí ìlà, díìsìkì á ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì dá fọ́ọ̀mù padà kí ẹlòmíràn lè gbà á. Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń lò ó lójúmọ́. Nítorí náà, kí o tó fi lé ẹni tó kàn lọ́wọ́, o gbọ́dọ̀ pa ohun tí ẹni ìṣáájú kọ sórí rẹ̀ rẹ́. Ta ló ń fi abọ́ tí ẹnìkan jẹ ẹ̀bà tán bu oúnjẹ fún àlejò láì ṣan án? Ìlà mẹ́ta péré ni kóòdù tó ń ṣan abọ́ yìí.

Mo wá ìlà mẹ́ta náà. Kò sí níbẹ̀ mọ́.

Nílé iṣẹ́ wa, ẹnikẹ́ni tó bá yí kóòdù padà, ẹ̀rọ máa ń tọ́jú orúkọ rẹ̀ àti ìdí tó fi yí i. Mo ṣí i wò. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni. *Ọláníyan: mo yọ ìlà mẹ́ta yìí kí ẹ̀rọ lè yá. Ẹni tó bá gba fọ́ọ̀mù á kúkú kọ tirẹ̀ lé ti àtijọ́ lórí.* Háà! Mo rántí ìpàdé tó ti ń fọ́nnu pé òun ti mú kí ẹ̀rọ yá sí i, tí gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni pé ó gbé odò Ọ̀ṣun wọ inú ilé.

Lẹ́nu, ó dára. Ṣùgbọ́n àlàfo kan wà lórí fọ́ọ̀mù tí kì í ṣe gbogbo ètò ló ń kọ nǹkan sí i. Àlàfo ibi tí ìyókù wà. Bí àkọsílẹ̀ bá gùn, bíi ti aboyún tí wọ́n ya àwòrán ọmọ inú rẹ̀, ètò á kọ ibi tí ìyókù wà síbẹ̀, kí díìsìkì lè máa bá a lọ. Bí ó bá kúrú, kì í yà síbẹ̀ rárá. Ó ti gbà pé òfìfo ni. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò pa á rẹ́ mọ́ ńkọ́? Tí ọ̀rọ̀ kúkúrú bá gba fọ́ọ̀mù tí ọ̀rọ̀ gígùn ṣẹ̀ṣẹ̀ lò, díìsìkì á kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú tán, á wo àlàfo náà, á bá àdírẹ́sì ìyókù ti obìnrin ìṣáájú níbẹ̀, á sì lọ gbé e wá lẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ kúkúrú nìkan ló ń wọlé ní Ara: ibà, ikọ́, inú rírun. Ọjọ́rú nìkan ni gígùn àti kúkúrú máa ń pàdé. Alaalẹ́ ni wọ́n sì ń pa ẹ̀rọ náà, tí wọ́n bá tàn án láàárọ̀, òfìfo ni gbogbo fọ́ọ̀mù fi ń bẹ̀rẹ̀.

Orí mi gbóná. Mo fẹ́ dìde kí n lọ wọ́ ọ̀gá yẹn jáde nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Ìgbà náà ni mo wo ìsàlẹ̀.

Òfin wa ni pé kóòdù kan kì í wọlé àfi tí ẹnìkejì bá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnìkejì náà wà níbẹ̀. *Jùmọ̀kẹ́: mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó dára.*

Irọ́ ni. Mi ò yẹ nǹkan kan wò. Mo rántí ọjọ́ náà. Mò ń jẹ mọ́ínmọ́ín lórí tábìlì mi, ọkùnrin yẹn ti gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ní, “Ìyá Dárasími, bá mi fọwọ́ sí i jàre, mo ti ń lọ.” Mo fi ìka tí kò ní epo tẹ̀ ẹ́. Irú ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún ọ̀gá mi, tó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, pé ẹ dúró ná kí n wo iṣẹ́ yín bóyá ó pé? Ojú wo ni wọ́n á fi wò mí? Ohun tí mo rò nìyẹn, tí mo bá tilẹ̀ rò ó rárá.

Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ní, “Sà, ìlà tí ẹ yọ yẹn ló fa ọ̀rọ̀ Ara. Kì í ṣe Fàdìlàt.”

Kò gbójú sókè. “Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní kóòdù báyìí?”

“Sà, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín.”

“Ọmọ náà ti jẹ́wọ́, Ìyá Dárasími. Ó wà nínú ìwé. Lọ jókòó síbi iṣẹ́ rẹ.”

Kò tilẹ̀ rántí pé èmi ló fọwọ́ sí i. Lójú rẹ̀, bí ilẹ̀kùn ṣe ń ṣí fún un ni ìfọwọ́sí mi rí. Ó dùn mí dé egungun. Ó sì tù mí nínú, ìyẹn ló burú jù. Mo padà sí tábìlì mi, mo tẹ kóòdù náà àti orúkọ rẹ̀ sórí ìwé, mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé ìsàlẹ̀ ìwé náà kúrò níbi tí orúkọ tèmi wà. Ẹ lè bú mi. Mo ti bú ara mi ṣáájú yín.

Ọjọ́bọ̀ pé. Alhaji jókòó sídìí tábìlì, Nọ́ọ̀sì Kúlúsúmù wá láti Ara, Dókítà wọ kootù bí ẹni ń lọ ìgbéyàwó. Fàdìlàt jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn nínú híjáàbù dúdú, kò wo ẹnikẹ́ni. Bọ́ládé ka ohun tó kọ: ó jẹ́wọ́, ó tọrọ àforíjì.

Mo dìde. Dókítà ní, “Jókòó.”

Alhaji ní, “Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀, Dókítà. Ẹnu kọ́ ni yóò fi pa yín.”

Mo gbé kọ̀ǹpútà mi síwájú wọn. Ẹ̀rọ kan tó rí bíi ti Ara gẹ́lẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Mo kọ àkọsílẹ̀ gígùn sínú rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn níbẹ̀ ju ÌDỌ̀TÍ, ÌDỌ̀TÍ, ÌDỌ̀TÍ lọ. Mo kọ ọ́ léraléra títí mo fi lo fọ́ọ̀mù mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélọ́gọ́ta tán. Lẹ́yìn náà ni mo wá kọ àkọsílẹ̀ kúkúrú kan fún aláìsàn tí kò sí láyé: *orí ń fọ́ ọ láti àná.* Mo ṣí i fún wọn. Lábẹ́ orí fífọ́ náà, ÌDỌ̀TÍ ló tò lọ rẹrẹ títí dé ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà.

Nọ́ọ̀sì Kúlúsúmù na ọwọ́ sí i. “Háà! Bó ṣe rí gan-an nìyẹn! Bó ṣe rí nìyẹn, Alhaji!”

Mo dá ìlà mẹ́ta náà padà, mo tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Orí ń fọ́ ọ láti àná, ó tán síbẹ̀. Kò sí ohunkóhun lábẹ́ rẹ̀.

Alhaji ní, “Ta ló yọ ọ́?”

Mo tẹ́ ìwé tí mo gé síwájú wọn. Wọ́n kà á, wọ́n yíjú sí Dókítà.

Ó ní, “Alhaji, mo fẹ́ kí ẹ̀rọ yá ni. Àwọn fúnra wọn ló ń sọ pé ó ń falẹ̀.”

Nọ́ọ̀sì Kúlúsúmù fò dìde. “Kó lè yá! Ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni à bá fà sí aboyún yẹn lára, kí ẹ̀rọ yín lè yá! Ẹ̀yin tún wá ń fi ọmọ yìí ṣẹ̀sín?”

Dókítà bọ́ kootù rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Alhaji. “Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ forí jì mí. Iṣẹ́ Èṣù ni.” Ṣìọ̀! Èṣù wo ló mọ kóòdù?

Àmọ́ Alhaji jẹ́ ènìyàn pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní, “Ó tó, ẹ dìde. Àgbà tó bá ti bẹ̀, kí la tún fẹ́ kó ṣe? Fàdìlàt, padà síbi iṣẹ́ rẹ lọ́la. Ọ̀rọ̀ ti tán.” Bọ́ládé dé bírò rẹ̀. Mo mí kanlẹ̀. Ó ti tán lóòótọ́, orúkọ mi kò sì jáde.

Fàdìlàt ti dìde dúró.

“Alhaji, ẹ má bínú. Kò tíì tán. Bọ̀ọ̀dá Bọ́ládé kò kọ nǹkan kan.”

Alhaji ní, “Kí ni kí wọ́n kọ?”

“Nígbà tí èmi bẹ Dókítà, wọ́n kọ ọ́. Dókítà náà bẹ̀ yín báyìí. Kí wọ́n kọ tiwọn náà.”

Dókítà wo ọmọ náà bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ tó rí i nìyẹn. Alhaji fọwọ́ pa irùngbọ̀n wọn, wọ́n ní, “Kọ ọ́.”

Bọ́ládé ń yí bírò lọ́wọ́. “Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́?”

“Ohun tí ẹ kọ nípa tèmi gan-an ni kí ẹ kọ. Orúkọ nìkan ni kí ẹ pààrọ̀.”

Ó kọ ọ́. Ó kọ déètì sí i, ó fa ìlà sí ìdí rẹ̀ bó ṣe fà á sí ti ọmọ náà.

Fàdìlàt wá síbi tábìlì. Ó mú ìwé tí mo gé, ó fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí àlùmọ́gàjí ti gbà. “Àǹtí Jùmọ̀kẹ́, ìwé yín kúrú.”

Ẹ ò rí i pé ọmọ náà mọ̀? Ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi dá a jókòó sílé, kóòdù ni òun náà ń kà. Ó ti rí gbogbo rẹ̀ kí n tó rí i. Ó kàn ń wò mí bóyá màá sọ ọ́ ni.

Ó ní, “Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?”

Orúnkún mi ti ń tẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyá tó bí mi ló kọ́ ọ. Fàdìlàt di apá mi mú, kò jẹ́ kó kanlẹ̀.

“Ẹ má kúnlẹ̀ o, Àǹtí. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé tí mo bá kúnlẹ̀, ó parí. Kò parí. Ẹ dúró kí ẹ sọ ọ́, kí wọ́n kọ ọ́.”

Mo dúró. Mo sọ ọ́. Mo ní èmi Jùmọ̀kẹ́ ni mo fọwọ́ sí i, mi ò wò ó, mò ń jẹ mọ́ínmọ́ín, ọ̀gá mi ni, mi ò lè sọ pé kó dúró. Mo ní èmi ni mo gé orúkọ mi kúrò níbẹ̀. Mo ní èmi ni mo ní kí ọmọ yìí lọ kúnlẹ̀ lórí ohun tí kò ṣe, nígbà tí orúkọ tèmi wà lábẹ́ ohun tó fà á. Bírò Bọ́ládé ń dún lórí ìwé. Alhaji ò sọ fún mi pé ó tó.

Wọn ò lé mi. Oṣù kejì ni Dókítà fúnra rẹ̀ wá iṣẹ́ lọ síbòmíràn. Ìlà mẹ́ta náà ti padà síbi tí wọ́n wà, kò sì sí àkọsílẹ̀ tó tún dàrú ní Ara. Fàdìlàt ló ń yẹ kóòdù mi wò báyìí. Ó máa ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, á sì dá a padà fún mi pẹ̀lú ìbéèrè, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹta lórí ìlà kan.

Ó ṣì máa ń kí mi láràárọ̀. “Ẹ káàárọ̀, mà.” Ìdúró ló máa ń wà tó bá ń kí mi. Láti ọjọ́ náà, orúnkún rẹ̀ ò kanlẹ̀ fún mi mọ́, èmi náà ò sì ní ẹnu tí mo fi máa bi í.